Ọgbọ̀n Òpin Ṣẹ́ẹ̀sì Tí Mo Bá Ẹ̀rọ Ta

Láti ìgbà tí mo ti dé, ibi yòówù kí n yà sí láàárín Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba, ìbéèrè mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń bi mí. Èkíní, ṣé lóòótọ́ ni òtútù ibẹ̀ ń gé ènìyàn létí? Èkejì, ṣé mo fojú kan Ọbabìnrin? Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ìyá wa máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó bi mí: ṣé mi ò ti fi ìyàwó òyìnbó pamọ́ síbì kan? Ìdáhùn mi nìyí: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi mí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe níbẹ̀. Ó sì dùn mí díẹ̀, torí mi ò rò pé ọmọ Ìbàdàn kan ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Àdúgbò Àrẹ̀mọ ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi sì ń ran fìlà ní ìsàlẹ̀ Mápó. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo lò ní Ìlú Ọba, níbi tí mo ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀rọ kan ni, tí mo ń bá ta ṣẹ́ẹ̀sì.

Èbúté

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi dá yín dúró. Omi ni, omi ni, omi tún ni, lẹ́yìn náà a dé. Mo rò pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí a gúnlẹ̀, àṣé bí ọ̀sán wọn ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni òyìnbó kan tó ń gbálẹ̀ èbúté. Mi ò rí òyìnbó tó ń gbálẹ̀ rí láyé mi. Mo dúró tì í, mo ń wò ó, títí tó fi bi mí pé, "Ṣé nǹkan sọnù lọ́wọ́ yín ni?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ kú iṣẹ́ ni mo ní kí n kí yín."

Ó di ìgbálẹ̀ mú, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bíi pé mo bú u. Nígbà tó yá ló rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kí òun kú iṣẹ́ rí. Èmi náà ò mọ̀ nígbà náà pé òun ni ẹni ìkẹyìn tí yóò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo kí ọkùnrin tó jókòó kọjú sí mi, ó ní "m̀." Mo bi í pé ilé ńkọ́, ó gbé ìwé ìròyìn bojú. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ka ẹ̀yìn ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ata ìyá mi

Opó kan tó ga tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbà mí sílé. Ọmọlúàbí obìnrin ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ ò ní adùn kankan. Yóò se ọ̀dùnkún nínú omi, yóò se kábéèjì nínú omi, yóò se ẹran nínú omi, yóò wá gbé gbogbo rẹ̀ síwájú mi, yóò sì dúró kí n yìn ín. Nígbà tí mo sọ fún un pé mi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó bi mí bóyá inú ló ń run mí.

Ìyá mi ti di ata gígún sínú agolo mílíìkì kan fún mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i nídìí tábìlì, ìyá onílé ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò. Mo ní kó rọra. Ó bu ṣíbí kan. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sín ní ìgbà mẹ́fà, ó sáré lọ síta nínú òtútù láì wọ kóòtù. Ẹ̀rù bà mí, mo ti ń ro ohun tí n ó sọ fún ọlọ́pàá. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó na àwo rẹ̀ sí mi, kò wo ojú mi, ó ní, "Nǹkan ọjọ́sí yẹn dà?" Láti ọjọ́ náà, èmi àti ẹ̀ di ọ̀rẹ́.

Níta ńkọ́? Mo máa ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ìjókòó á kún tán, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nìkan ni yóò ṣófo. Àwọn ènìyàn á dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Ó dùn mí, mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Nígbà tó yá mo ń gbé báàgì mi síbẹ̀, kó lè jọ pé èmi ni mo gba àyè náà.

Yàrá tó móoru

Ọjọ́ kan ni mo rí ìwé pélébé kan lára ògiri ní yunifásítì: "A ń wá ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta, tó sì ní sùúrù." Mo ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, pátákó onígun mẹ́rin ni, ó ní ojú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, funfun àti dúdú. Ọba kan wà fún ẹnì kìíní, ọba kan wà fún ẹnì kejì, pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà wọn. Bí ẹ bá ká ọba ẹnìkejì yín mọ́ tí kò ríbi sá sí mọ́, ọba yẹn há nìyẹn, ìjà sì parí.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Míìsì Pámà ló kọ ìwé náà. Ó ti tó àádọ́ta ọdún, kò lọ́kọ, ó ń yára rìn, pẹ́ńsùlù méjì sì máa ń wà nínú irun rẹ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ wá wò ó," ó sì ti ń lọ kí n tó dáhùn.

Ẹ̀rọ ìṣirò ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi tó ìsọ̀ aláṣọ mẹ́rin ní Ọjà'ba. Gíláàsì kéékèèké tó ń pọ́n bí ẹyin iná ló kún inú rẹ̀, ìyẹn ló sì mú yàrá náà móoru. Ká sọ tòótọ́, ibẹ̀ nìkan ni ara mi ti móoru ní gbogbo ìlú náà, ooru yẹn sì wà lára ohun tó mú mi gba iṣẹ́. Míìsì Pámà máa ń lu ihò sára bébà gígùn kan, ihò yẹn ni àṣẹ tó ń pa fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á gbé bébà mì, á ronú, á wá tẹ èsì rẹ̀ jáde lórí ìwé ní kà-kà-kà.

Mo bi í pé, "Ṣé ó lè ta ṣẹ́ẹ̀sì délẹ̀?"

Ó ní, "Inú rẹ̀ ò gba tó bẹ́ẹ̀. Òpin nìkan la fi ń dán an wò."

Bó ṣe rí nìyí. Nígbà tí ìjà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí ẹmẹ̀wà ti kú tán, wọn á fún ẹ̀rọ ní ọba kan àti ilé-ìṣọ́ kan, ìyẹn èyí tí wọ́n gbẹ́ bí ilé ìṣọ́, tó máa ń rìn gbọọrọ láti òpin pátákó dé òpin kejì. Wọn á fún èmi ní ọba nìkan. Gbogbo ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ló mọ̀ pé ẹni tó ni ilé-ìṣọ́ ló yẹ kó borí. Ohun tí Míìsì Pámà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ̀rọ náà lè fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà dé ibẹ̀. Ó ti to ọgbọ̀n òpin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó sì fa ìlà ọgbọ̀n sínú ìwé ńlá kan. Èmi ni n ó máa sá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀, n ó kọ ọ́ síwájú ìlà rẹ̀, n ó sì fọwọ́ sí i.

Ìlà ọgbọ̀n

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni mo máa ń lọ. Míìsì Pámà á fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, á lọ máa lu bébà rẹ̀ nínú yàrá kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ rìn, èmi náà rìn. Nígbà tó di ìrìn kẹfà, mo rí i pé ọba mi ti wà létí pátákó, ilé-ìṣọ́ ti dí ọ̀nà mọ́ ọn. Mo ní ó ti tán. Mo fi ọba mi lélẹ̀ gbalaja, mo kọ ọ́ síwájú ìlà: *ẹ̀rọ ló borí*. Mo fọwọ́ sí i.

Bí mo ṣe ṣe gbogbo wọn nìyẹn, láti ìlà kìíní dé ọgbọ̀n. Míìsì Pámà á yẹ ìwé wò, á mi orí. Nígbà tí ọgbọ̀n pé, ó ra kéèkì, ó gé e sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Inú mi dùn gan-an, mo rò pé mo ń ṣiṣẹ́ mi bí iṣẹ́.

Ọjọ́ àlejò

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀rọ náà kó àlejò wá. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń bẹ̀ ẹ́ kó fún wọn ní àkókò tí Míìsì Pámà ń lò lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n lè máa fi ṣírò òjò. Ó wá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ṣẹ́ẹ̀sì ń fi ẹ̀rọ náà ṣe. Míìsì Pámà gbé ìwé ńlá lé e lọ́wọ́: ọgbọ̀n nínú ọgbọ̀n.

Bàbá àgbàlagbà kan nínú àwọn àlejò, tó ń tẹ ọ̀pá, ní òun ló máa bá ẹ̀rọ ta á. Ìlà kẹrin ni wọ́n mú. Nígbà tó di ibi tí mo ti fi ọba lélẹ̀ nígbà tèmi, mo ń retí kí bàbá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ṣe é. Ó kàn yẹ ọba rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rọ ronú, ó fi ilé-ìṣọ́ lé e. Bàbá yẹ padà. Ẹ̀rọ tún lé e. Ilé-ìṣọ́ ń lọ, ilé-ìṣọ́ ń bọ̀, ọba ẹ̀rọ ń rìn gbéregbère láàárín pátákó bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe lọ́jà. Òfin ṣẹ́ẹ̀sì ni pé bí ẹ bá rìn ní ìgbà àádọ́ta láìpa nǹkan kan, ọ̀mì ni. Bàbá náà ń kà á jẹ́jẹ́. Nígbà tó pé àádọ́ta, ó dìde, ó ní, "Ọ̀mì."

Ọ̀gá àgbà pa ìwé ńlá dé. Ó ní, "Míìsì Pámà, ọgbọ̀n nínú ọgbọ̀n lẹ sọ fún mi." Ọrùn obìnrin náà pọ́n láti ìdí irun dé èjìká. Bí ilẹ̀ bá yanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọlé síbẹ̀ kí ó tó pè mí.

Ohun tó bi mí

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Míìsì Pámà jókòó. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Làwàní, ní ìlà kẹrin yìí, ṣé ọba yín há?"

"Ó kù díẹ̀ kó há, mà."

"Mi ò bi yín bó ṣe kù. Ṣé ó há?"

"Kò há."

"Nínú ọgbọ̀n, mélòó ló há?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Kò sí."

Ó ní kí n ṣàlàyé fún òun. Mo wá sọ fún un bí a ṣe ń ta ayò ní agbolé wa ní Àrẹ̀mọ. Bí ìwọ ọmọdé bá ń bá àgbà ta, tí o sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti ròkè, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó máa lé ọ káàkiri torí ọmọ ayò méjì mẹ́ta tó kù. Àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣe lo máa tẹ́ ọwọ́ sórí ọpọ́n, wàá ní, "Ẹ ti jẹ ẹ́, Bàbá," ẹ ó sì tún un tò. Bàbá mi ló kọ́ mi, mo sì ti ṣe é títí ó fi wọ̀ mí lára. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti ń ta ayò, mi ò mọ bí òpin ṣe rí.

Ó gbọ́ mi délẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ta ni àgbà níbẹ̀, ṣé ẹ̀rọ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni."

"Mi ò sí nínú yàrá náà, Ọ̀gbẹ́ni Làwàní." Ó fa pẹ́ńsùlù kan yọ nínú irun, ó tún kì í bọ̀ ọ́. "Ẹ bọ̀wọ̀ fún mi, ẹ wá jẹ́ kí n máa parọ́ fún ọ̀gá mi láìmọ̀."

Mo tọrọ àforíjì. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo rántí pé kò ní yé e, mo wá dúró láàárín, mi ò dọ̀bálẹ̀, mi ò nàró.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà dá ẹjọ́. Títí tí wọn yóò fi padà láti ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ń bọ̀ ni ó fún Míìsì Pámà. Bí ọgbọ̀n òpin náà ò bá parí sí kí ọba há ní tòótọ́, àwọn olójú ọjọ́ ni yóò gba ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ rẹ̀ á sì wọgbó. Ó ní ohun kan sí i: "Ẹni tó kọ irọ́ yẹn náà ni kó kọ òótọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Nínú ilé wa, wọn kì í pè wá ní onírọ́. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo wo ìwé náà, ìkọ̀wé mi ló wà níbẹ̀ ní ìgbà ọgbọ̀n.

Ẹ̀rọ tí kò ní sùúrù

A bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ń sá tọkàntọkàn. Ojú ń tì mí fún bí mo ṣe ń wọ́ ẹ̀rọ náà nílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò dúró. Nínú ọgbọ̀n, mọ́kànlá péré ni ọba mi há.

Míìsì Pámà tẹ́ gbogbo ìrìn náà sílẹ̀, ó ń wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní òwúrọ̀ kan ó ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà ń kánjú. Bó bá ti rí ọba mi báyìí, á ju ilé-ìṣọ́ lé e, ọba mi á sì yẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó yẹ kó ṣe ni kó sún nǹkan kan jẹ́jẹ́, kó dúró, kí èmi tí mi ò níbi gidi tí mo fẹ́ lọ fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọnú wàhálà. Ó ní, "Mo kọ́ ọ láti lé. Mi ò kọ́ ọ láti dúró."

Oṣù mélòó kan ló fi ń lu bébà tuntun. Nígbà tí ọkọ̀ mi ku ọ̀sẹ̀ kan kó ṣí, ọba mi ti há ní ìlà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ku ọ̀kan. Ọjọ́ náà gan-an ni gíláàsì inú ẹ̀rọ jó, wọ́n ní àtúnṣe rẹ̀ á gba oṣù kan. Ọkọ̀ ò lè dúró dè mí. Míìsì Pámà di ìwé ńlá náà fún mi, ó ní, "A ó fi lẹ́tà ta á." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì yára padà sínú yàrá náà.

Àrẹ̀mọ

Ẹ wá wo bí a ṣe ń ta á nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe tán. Èmi á kọ ìrìn kan sínú lẹ́tà, á wọ ọkọ̀ òfúrufú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èsì ẹ̀rọ á dé. Mo to pátákó náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, níbi tí bàbá mi ti ń ran fìlà bí wọn ò bá lọ sí ìsọ̀. Bùráímọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba, máa ń yà wò ó bó bá ń ti mọ́sáláṣí bọ̀.

Ó ní, "Ilé-ìṣọ́ yìí ò tíì kúrò lójú kan náà láti ọjọ́sí?"

Mo ní, "Lẹ́tà ò tíì dé."

"Kí ló dé tó ò kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ti borí, kí obìnrin ọlọ́bìnrin rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe? Ta ló máa mọ̀?"

Bàbá mi ò gbójú sókè nínú fìlà wọn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ wọn dúró.

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Òun ló fa gbogbo rẹ̀."

Nígbà tó dé ìrìn kẹta, mo rí ìwà ìkà kan tí mo lè hù. Mo sún ọba mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìṣọ́ gan-an, débi pé bí ẹ̀rọ bá ṣe àìfiyèsí pẹ́nrẹ́n, n ó jẹ ẹ́, ìjà á sì di ọ̀mì. Bí mo ṣe ju lẹ́tà náà sínú àpótí, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà rí i. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá ràn án lọ́wọ́ pẹ́nrẹ́n, ohun tí ọ̀gá àgbà pè mí ni mo jẹ́ lóòótọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojoojúmọ́ ni mo ń lọ bèèrè lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ń rí Míìsì Pámà lójú mi, tó ń kó bébà rẹ̀ jọ fún àwọn olójú ọjọ́.

Lẹ́tà dé. Ẹ̀rọ ò lé mi. Ó kàn fa ilé-ìṣọ́ rẹ̀ lọ jìnnà réré sí òpin pátákó, lójú ọ̀nà kan náà, ó sì dúró dè mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi jáde wá wò mí. Ó ti kọ́ sùúrù.

Láti ibẹ̀, mo ń sá létí pátákó, ọba ẹ̀rọ ń bá mi rìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, kò lọ́ra. Mo dé igun. Nígbà tí lẹ́tà tó tẹ̀lé e dé, ojú kan ṣoṣo ló kù tí mo lè lọ, ibi tí mo ti kúrò ni. Mo padà síbẹ̀. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn wọn ò tíì parí, ni èyí tó kẹ́yìn dé. Ìrìn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé ilé-ìṣọ́, mo sọ̀ ọ́ síbi tí wọ́n ní kí n sọ̀ ọ́ sí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wo iwájú. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá mo gbójú fo nǹkan kan. Kò sí.

Bàbá mi ti gbé fìlà sílẹ̀. Wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wo pátákó tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó ti parí?"

"Ó ti parí, Bàbá."

"Ta ló borí?"

"Ẹ̀rọ ni."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo fún un, àbí òun ló gbà á?"

"Òun ló gbà á, Bàbá."

Wọ́n mi orí, wọ́n fún mi ní kálámù. Mo ṣí ìwé ńlá náà sí ìlà ọgbọ̀n, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọba há, mo sì fọwọ́ sí i.